Lẹ́tà Onísílébù Ogójì

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó wà ní Ibafo, tí ẹ bá gbogbo òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abẹ́ àgbọ̀n, ẹ má rò pé eyín ló ń dùn wọ́n. Àṣẹ ni. Ọnọrébù Ọlágòkè ló pa á, Ọnọrébù Ọlágòkè kì í sì í pa àṣẹ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin náà hàn yín. Òun ni Alábòójútó Ètò Ẹ̀kọ́ ní ẹkùn tó gba Mowe kọjá sí Ibafo títí dé apá Ifo. Ẹ má wá ẹkùn náà lórí máàpù o. Àwọn olóṣèlú ló dá a sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ipò fún àwọn tó bá wọn pariwo nígbà ìbò, Ọlágòkè sì mọ ariwo í pa. Ó ga, ó sanra, fìlà rẹ̀ máa ń dúró ṣanṣan bí ọlọ́pàá tí ọ̀gá ń bọ̀ wá wò. Tó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á kí i; òun fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀lé e, wọ́n á tún un kí. Láwàlì akọ̀wé rẹ̀ ló ṣètò ìkíni ẹlẹ́ẹ̀méjì yìí. Láwàlì kan náà ni, bí Ọnọrébù bá sín, tó máa ń ní, "Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn, sà."

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ayé Ọnọrébù jẹ́. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn, àwọn ọ̀rọ̀ náà ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Níbi ayẹyẹ kan ní Arepo, ó fẹ́ pe "responsibility" níwájú àwọn èèyàn pàtàkì. Ó bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni bọ́ sẹ́rẹ̀. Ó ní "resiponsi," ó ní "resibosi," ó nu ojú, ó ní, "Ẹ ṣáà mọ ohun tí mò ń sọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó gbọ́ ẹ̀rín náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí oúnjẹ tó jẹ tán.

Láwàlì ló rántí Tíṣà Àjíbíkẹ́. Obìnrin kúkúrú yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mowe láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ọmọ tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sí ọ̀rọ̀ gígùn tó lè dẹ́rù bà á mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó dé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Ọnọrébù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìfi àkókò ṣòfò.

"Ọ̀rọ̀ gígùn dà bí iṣu, sà," ó ní. "Ẹnì kan kì í ki odidi iṣu bọ ẹnu. Ẹ máa gé e ni. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n báyìí. Iye ìgbà tí àgbọ̀n bá kan ọwọ́ yín, iye sílébù inú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó yá, sà. Re-spon-si-bil-i-ty."

Àgbọ̀n Ọnọrébù kan ọwọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́fà. Ojú rẹ̀ tàn bíi ti ọmọ tó rí ẹ̀bùn.

"Mẹ́fà!"

"Mẹ́fà ni, sà. Nínú èdè tiwa, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, kò sí èyí tó ń jẹ gàba lórí èkejì. Ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ jù, àwọn yòókù á rọra máa tẹ̀lé e. Nínú èyí, 'BIL' ni. Re-spon-si-BIL-i-ty."

"BIL!" Ọnọrébù bú jáde. Omi inú ife orí tábìlì rẹ̀ mì.

"Ẹ rọra, sà. A kàn ń tẹnu mọ́ ọn ni, a ò bá a jà."

"Ẹ máa bá a lọ."

"Ẹ̀yìn ìyẹn ni a óò wá wo ẹ̀yà ara ọ̀rọ̀. Ẹ wo 'rebuild'. 'Build' ni kíkọ́ ilé. Tí 're' bá fi ara mọ́ ọn níwájú, ó di pé a tún ilé kọ́. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti ń jáde, sà, ìtumọ̀ la sì ń torí ẹ̀ gé ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀..."

"Ó ti tó." Ọnọrébù gbé ọwọ́ sókè. "Ìtumọ̀ á dé tó bá yá. Mo ti gba èyí tí mo nílò."

Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe jáde ní kíláàsì kí tíṣà tó parí ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, àṣẹ jáde. Gbogbo lẹ́tà tó bá ń bọ̀ wá sí ọ́fíìsì Alábòójútó gbọ́dọ̀ kún fún ọ̀rọ̀ gígùn, kí wọ́n fi ìlà kéékèèké gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí sílébù, kí wọ́n sì fi lẹ́tà ńlá kọ èyí tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kí Ọnọrébù á fi ọwọ́ ti àgbọ̀n kó tó la ẹnu. Láwàlì kò dúró kí wọ́n sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì. Àgbọ̀n rẹ̀ tètè pọ́n bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

Lẹ́yìn náà ni Ọnọrébù ka sílébù orúkọ oyè ara rẹ̀. Hon-our-a-ble: mẹ́rin péré. Ó wá ka ti Alága ẹkùn, ọ̀gá rẹ̀ tó yàn án sípò. Ex-ec-u-tive chair-man: mẹ́fà! Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Kó tó di Ọjọ́rú, wọ́n ti tẹ ìwé tuntun fún ọ́fíìsì náà, orúkọ tó wà lókè rẹ̀ sì ni Extra-Superhonourable Ọlágòkè. Sílébù mẹ́jọ, láìka orúkọ bàbá rẹ̀. Láwàlì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Ní ti Alága, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó rí ìwé náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ olóṣèlú mọ̀ pé ìgbà tí wọn ò bá sọ nǹkan kan ló yẹ ká bẹ̀rù wọn.

Àwọn òbí ọmọ ní Asese mú ìwé wá pé "Our kids need desks." Láwàlì kà á, ó mi orí.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, sílébù mẹ́rin. Ṣé ẹ ń bú Ọnọrébù ni?"

"Àga la ń tọrọ, ọ̀gbẹ́ni. Ilẹ̀ làwọn ọmọ ń jókòó sí."

"Ẹ lọ wá ọ̀rọ̀ tó bá ọ́fíìsì yìí mu."

Wọ́n lọ. Wọn ò padà wá. Ọnọrébù kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù náà pé kò sí ẹ̀sùn kankan láti Asese.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ewu nìyí. Nílé-ìwé Tíṣà Àjíbíkẹ́ ní Mowe, òrùlé kíláàsì kẹta ti bàjẹ́. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti lu káàkiri, àjà abẹ́ rẹ̀ sì ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Àbdùlsàmàd, ẹni pẹ̀lẹ́ tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, kọ lẹ́tà. Ó kọ ohun tó rí: "The roof leaks." Wọ́n dá a padà fún un pẹ̀lú báírò pupa: "Sílébù mẹ́ta. Ẹ lọ tún un kọ."

Ó mú un wọ yàrá àwọn tíṣà. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan gégùn-ún. Tíṣà Àjíbíkẹ́ gba báírò.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí tí ọkàn Ọnọrébù ń fẹ́, sà."

Ó jókòó, ó kọ ọ́: "The superstructural waterproofing is experiencing catastrophic deterioration, necessitating instantaneous rehabilitation." Ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí òjò ń pa ni pé òrùlé wa ti bàjẹ́ kọjá ààlà, ẹ wá tún un ṣe lónìí. Ó gé e sí sílébù, ó fi lẹ́tà ńlá síbi tó yẹ. Bó ṣe kà á sókè, ẹ̀rín pa àwọn tíṣà débi tí ẹnì kan fi di ògiri mú. Ọ̀gá Àbdùlsàmàd náà rẹ́rìn-ín kó tó fọwọ́ sí i. Inú Tíṣà Àjíbíkẹ́ dùn. Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà náà dé Ibafo. Ọnọrébù fi odidi wákàtí kan kà á, ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n. Ó fi báírò pupa pa "The" rẹ́, ó pa "is" rẹ́, nítorí wọn ò tó ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ sí irú òun. Ó ka ìyókù. Ogójì. Sílébù ogójì gééré! Omi lé ròrò sí i lójú.

"Láwàlì, látìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnì kan ò kọ irú èyí sí mi rí."

"Ẹ̀yin náà lẹ tọ́ sí i, sà."

Wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ọnọrébù. Àlejò tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé kà á, àwọn olórí ẹgbẹ́ òbí kà á, gbogbo wọn ní ó dára. Kò sẹ́nì kan tó béèrè ohun tó wí.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Òjò oṣù kẹfà kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé lẹ́tà kọ́ ògiri. Ó ń rọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń gbé àga wọn láti igun kan sí òmíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jésùlayọ̀mi tọrọ ààyè láti lọ tọ̀. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí odidi pátákó àjà kan fi já, ó sì fọ́ àga rẹ̀ sí méjì.

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ibi tó ti dìde. Tíṣà Àjíbíkẹ́ wò ó. Ẹ̀rín ọ̀sẹ̀ méje kúrò lára rẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ó lọ bá Ìmáàmù mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó bẹ̀ ẹ́. Ìmáàmù ní, "Ẹ kó wọn wá. Ta ló ń lé ọmọ sínú òjò?" Àwọn ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ní fàráńdà mọ́sáláṣí. Ní ọjọ́ kejì, Láwàlì gbé lẹ́tà ìbáwí dé. Wọ́n ní Tíṣà kó ọmọ ìjọba kúrò nílé ìjọba láìgba àṣẹ. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí Oke-Aro. Láti ilé rẹ̀ ní Mowe, ọkọ̀ mẹ́ta ni yóò máa wọ̀ lọ, mẹ́ta ni yóò máa wọ̀ bọ̀, ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, tí kò lè dá dìde lórí ibùsùn, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lọ bẹ Ọnọrébù. Bó ṣe wọlé, ohun tó kọ́kọ́ rí ni lẹ́tà rẹ̀ nínú dígí.

"Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti ka lẹ́tà yẹn?"

"Àràárọ̀ ni! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: de-te-ri-o-RA-tion!"

"Kí ló wí, sà?"

Láwàlì wúkọ́. Ọnọrébù wo férémù, ó wo àwòrán ara rẹ̀, bí ẹni pé àwòrán náà lè ràn án lọ́wọ́.

"Ó ní òrùlé máa wó lu àwọn ọmọ, sà," Tíṣà sọ fún un. "Èmi ni mo kọ ọ́. Àjà já lánàá. Díẹ̀ ló kù kó pa ọmọ kan."

Ọnọrébù rẹ́rìn-ín, ó sì káàánú rẹ̀.

"Tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ lọ sí Oke-Aro. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ mọ́ lẹ́tà tó dára báyìí. Ọ̀rọ̀ páànù kò lè dùn tó èyí láéláé."

Wọ́n ní kó máa lọ.

Ọlọ́run ò sùn, àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ láti Abẹ́òkúta náà kì í sì í sùn nígbà míì. Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyáàfin Rosemary dé. Obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni, ó gbé báàgì kan àti ike omi kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ti àgbọ̀n kí i. Ó bi wọ́n bóyá eyín ló ń dùn wọ́n. Ọnọrébù kí i káàbọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó sì fà á lọ síwájú férémù.

Ìyáàfin Rosemary kò gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n. Ó fi ojú kà á, ó tún un kà.

"Ilé-ìwé wo nìyí, sà?"

"Ti Mowe, màdáámù. Sílébù ogójì!"

"Ìgbà wo lẹ tún un ṣe?"

"Tún kí ni ṣe?"

"Òrùlé náà."

Ẹ wò ó, àsìkò ṣì wà. Ká ní Ọlágòkè sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi," bóyá mi ò ní í rí ìtàn sọ fún yín lónìí. Ṣùgbọ́n onísílébù mẹ́jọ ni. Báwo ló ṣe máa sọ pé nǹkan ò yé òun?

"Àwọn tíṣà ń fi èdè dárà ni, màdáámù. Òrùlé yẹn le bí irin. Ẹ jẹ́ ká lọ, kí ẹ fi ojú ara yín rí i."

Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kó lọ sí Mowe. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Àwọn ọmọ wà ní fàráńdà mọ́sáláṣí, tí wọ́n ń kọ́ sílébù lọ́dọ̀ Tíṣà Àjíbíkẹ́. Kíláàsì ṣófo. Ìyáàfin Rosemary dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wòkè, kò wọlé. Láwàlì náà kò wọlé. Ọnọrébù wọlé ní tirẹ̀, ó dúró sí àárín gbùngbùn, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Under my ad-min-is-TRA-tion," ó ní, "there is ac-count-a-BIL-i-ty! There is re-ha-bil-i-TA..."

Àjà já.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé "TA" ló já a. Òjò ọdún mẹ́ta ló já a. Ṣùgbọ́n orí "TA" ló wà nígbà tó já. Pátákó náà ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, nítorí náà kò ṣe é léṣe. Orí rẹ̀ gba inú rẹ̀ yọ síta, ó wọ̀ ọ́ lọ́rùn bí agbádá. Omi inú páànù tẹ̀lé e, ìtẹ́ eku kan bọ́ sórí fìlà, ìyá eku sì sá gba èjìká Ọnọrébù kọjá láìkí i.

"Yéè!" Ọnọrébù ké.

Láti fàráńdà mọ́sáláṣí, ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Méjì!"

Láwàlì súnmọ́ Ìyáàfin Rosemary. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un, mà."

Tíṣà kan ti fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Ifo, wọ́n ń wò ó ní Arepo, àwọn mẹkáníìkì ní Asese ń kí ara wọn pé "Méjì!" Alága ẹkùn, ẹni jẹ́jẹ́ wa, wò ó nígbà mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí Ìyáàfin Rosemary sì jẹ́ olórí rẹ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀, Ọlágòkè ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé ẹni tó kọ lẹ́tà náà mọ̀ pé kò ní í yé òun. Ọ̀gá Àbdùlsàmàd dìde, ó ní orúkọ òun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ òun. Tíṣà Àjíbíkẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú, ó fà á jókòó.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà," ó ní.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé kò ní í yé e?" Ìyáàfin Rosemary bi í.

"Mo mọ̀, mà." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ kí á rẹ́rìn-ín ni, a sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn ọmọ wà lábẹ́ àjà yẹn. Mo lè wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yín ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kejì tí mo kọ ọ́, kí n ké tantan. Mi ò wá. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi ju kí n wá lọ. Tí Jésùlayọ̀mi ò bá lọ tọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ìbá wà lọ́rùn èmi àti Ọnọrébù."

Ọlágòkè, tó ti múra láti bá a jà, kò rí ẹni bá jà mọ́.

Ìyáàfin Rosemary yí sí i. "Sà, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe kí wọ́n tó yàn yín?"

Ọlágòkè ṣí fìlà rẹ̀.

"Mò ń ta páànù. Páànù àti ìṣó, ní Ibafo. Ọdún mọ́kàndínlógún."

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Tí ẹ bá wo òrùlé yẹn láti ìta ńkọ́?"

"Tí n bá gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, màá ti mọ̀."

"Ṣé ẹ ti dé ilé-ìwé náà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn?"

"Mo dé ẹnu géètì. Àwọn ọmọ kọrin pàdé mi níbẹ̀. Nígbà tí orin parí, mo wọ ọkọ̀ mi."

Wọ́n yọ ọ́ nípò. Wọ́n fún Tíṣà Àjíbíkẹ́ ní ìwé ìkìlọ̀, ó gbà á láìjiyàn, wọ́n sì fagi lé Oke-Aro. Láwàlì nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Alábòójútó tuntun fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, Láwàlì sì ti ń wọ jẹ́sì.

Nínú ìsinmi, káfíńtà gun òrùlé kíláàsì kẹta pẹ̀lú páànù tuntun. Tíṣà Àjíbíkẹ́ dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọkùnrin kan wọ géètì, bùbá lásán ló wọ̀, kò dé fìlà. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ikùn rẹ̀ wọlé, òun náà wọlé, kò sẹ́ni tó kí èyíkéyìí nínú wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Tíṣà ní.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sókè. Ó wo ìlà páànù àkọ́kọ́ láti òpin dé òpin, ó wo èkejì. Ó tutọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ tó wà lókè yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ìṣó yẹn jìnnà síra. Sún wọn mọ́ra. Á jò."

Káfíńtà náà dáwọ́ dúró. Kò mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó wo Tíṣà Àjíbíkẹ́, Tíṣà wo Ọlágòkè fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣe é bí wọ́n ṣe wí," ó sọ fún káfíńtà.

Káfíńtà náà padà sí ìlà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún ìṣó mọ́ra.